Fọ́tò Ìyá Mi àti Ìpàtẹ Ọjà Las Vegas

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn iṣẹ́ àti ìdílé mi, n óò dáhùn pé fọ́tò yíyà ni. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn ni mo ti máa ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ fọ́tò kan ní àdúgbò wa, tí mo ń wò ó bí ó ti ń fọ fọ́tò lábẹ́ iná pupa, tí ojú ènìyàn yóò sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ lórí bébà nínú omi. Bí idán ni ó rí lójú mi nígbà náà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ bàbá mi àgbà, tí ó ní sitúdíò fọ́tò ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà níbi tí àwa méjèèjì ń gbé, sọ fún mi ní ìparí ọdún 2016 pé òun ń lọ sí ìpàtẹ ọjà ẹ̀rọ ní Las Vegas, tí ó sì ní kí n bá òun lọ, kíá ni mo gbà. CES ni wọ́n ń pe ìpàtẹ náà. Kì í ṣe ibi tí ẹni tí ó kàn fẹ́ wòran lè wọ̀. Àwọn tí ó ń ṣòwò ẹ̀rọ tàbí tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń gbà wọlé. Orúkọ sitúdíò ẹ̀gbọ́n mi ni a fi forúkọ mi sílẹ̀, nítorí pé èmi ni mo máa ń bá a tún fọ́tò ìgbéyàwó ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́KÀN MI

Ayọ̀ nìkan kọ́ ni mo gbé lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ìyá mi pé ẹni 70 ọdún. Mo lọ sílé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi, mo sì gbé kámẹ́rà dání. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo ya fọ́tò tí ó lé ní 400. Ìyá wọ aṣọ òkè, ó gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò tẹ ẹyọ kan ṣoṣo jáde sórí bébà. Inú hard disk kékeré kan ni mo kó gbogbo wọn sí, mo sì pa èyí tí ó wà nínú kámẹ́rà rẹ́ kí àyè lè gba òmíràn. Ní ọdún 2015, hard disk náà já bọ́ lórí tábìlì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ń tún un ṣe, wọn kò rí nǹkan kan yọ nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, Ìyá jáde láyé. Nígbà tí a ń wá fọ́tò tí a óò fi síwájú ìwé ètò ìsìnkú, èmi tí gbogbo ẹbí mọ̀ sí oníkámẹ́rà kò ní ohun tí mo lè mú wá. Àbúrò mi obìnrin ni ó ṣí àpótí irin tí Ìyá ń kó aṣọ sí, tí ó sì mú fọ́tò kékeré kan jáde lábẹ́ aṣọ. Dúdú àti funfun ni, etí rẹ̀ ti jẹ. Oníṣẹ́ fọ́tò alárìnkiri kan ni ó yà á ní ọdún 1968, nígbà tí Ìyá jẹ́ ọmọ ọdún 25. Òun ni a lò. Ojú tì mí gidigidi.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìbéèrè kan lọ́kàn bí mo ti ń lọ: nínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi hàn wá, èwo ni yóò bá mi pa fọ́tò mọ́?

ÌLÚ TÍ KÌ Í SÙN

Inú aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Nevada ni Las Vegas wà, òtútù sì ń mú níbẹ̀ ní oṣù Kìíní. Ìlú tẹ́tẹ́ ni. Kí ènìyàn tó gbé àpótí rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ni yóò ti máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. A wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń gba orí afárá kọjá lẹ́yìn àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá, ó sì gbé wa dé gbọ̀ngàn ìpàtẹ náà.

Ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Ọdún náà ni ó pé 50 ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní New York, ní oṣù Kẹfà ọdún 1967. Nígbà náà, nǹkan bí 17,500 ènìyàn ni ó wá. Ní ọdún tí àwa lọ, wọ́n lé ní 180,000. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èrò Dùgbẹ̀ bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ fi ojú inú wo bí ó ti rí.

Mo rí tẹlifíṣọ̀n LG tí kò nípọn tó mílímítà 3, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri bí kàlẹ́ńdà. Mo rí ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn oníkámẹ́rà ni ẹsẹ̀ mi ń fà mí lọ. Ọdún yẹn ni Nikon pé 100 ọdún, nítorí 1917 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Panasonic ni mo ti gbé GH5 lọ́wọ́, kámẹ́rà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn ayé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Bí ó bá ń ya fídíò tí ó mọ́ kedere jù lọ, àwòrán 60 ni ó ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọwọ́ mi kò fẹ́ gbé e sílẹ̀.

Ní ibi mẹ́ta ni mo ti béèrè pé, "Bí mo bá yà á tán, níbo ni fọ́tò náà yóò máa gbé?" Wọ́n fi káàdì kékeré hàn mí, wọ́n fi fóònù hàn mí, wọ́n sọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn yóò máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Mo wá kíyè sí i pé fọ́tò yíyà ni gbogbo wa ń sáré lé. Ìpamọ́ rẹ̀ kò jẹ wá lógún.

NÍ ỌJÀ KODAK

Ní ọjọ́ kejì ni a dé ibi tí Kodak pàtẹ sí. Ìtàn iléeṣẹ́ yìí ṣeni láàánú. Ní ọdún 1975, ẹnjiníà wọn kan, Steven Sasson, ṣe kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí kò lo fíìmù, tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́. Ó wúwo tó kílógíráàmù 3.6, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó sì ń gbà kí ó tó kọ fọ́tò kan sórí téèpù kásẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n fíìmù ni ó ń mówó wọlé fún Kodak, wọn kò sì sáré mú ọmọ tuntun yìí dàgbà. Àwọn ẹlòmíràn mú un dàgbà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2012, gbèsè lé wọn dé ilé ẹjọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé àwọn kò ní ṣe fíìmù Ektachrome mọ́.

Àní ní ìpàtẹ tí a lọ yìí ni wọ́n ti kéde pé Ektachrome ń padà bọ̀, nítorí àwọn tí ó fẹ́ràn fíìmù kò yé béèrè rẹ̀. Ó sì padà sórí àtẹ ní ọdún 2018. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ó dúró nídìí tábìlì na fíìmù kan tí wọ́n ti fọ̀ sí mi, ó ní kí n gbé e sókè sí iná. Mo gbé e sókè, mo sì rí àwòrán náà kedere pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Kò sí bátìrì, kò sí kọ̀ǹpútà. Iná àti ojú nìkan ni. Mo rántí fọ́tò ọdún 1968, omi sì bọ́ lójú mi.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ wò ó, mo ti rí ìdáhùn mi. N óò padà sí fíìmù."

Ó mi orí. Ó ní, "Àbúrò, fíìmù kọ́ ni ó pa fọ́tò Ìyá mọ́. Mélòó ni ikán ti jẹ nílé wa? Mélòó ni ooru àti ọ̀rinrin ti bà jẹ́? Ìyá ni ó pa á mọ́. Ó fi í sínú àpótí irin, ó sì ń gbé àpótí náà lọ sí gbogbo ilé tí ó gbé."

N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Ẹ̀rọ kò lè bá ènìyàn ṣe ìtọ́jú tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe.

OHUN TÍ MO ṢE NÍGBÀ TÍ MO PADÀ

N kò ra kámẹ́rà kankan ní Las Vegas. Nígbà tí a délé, mo pe àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí ó wá síbi ọjọ́ ìbí Ìyá ní 2013, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wo inú fóònù wọn. Fọ́tò 31 ni mo rí kó jọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ́ dáadáa. Nínú ọ̀kan, Ìyá gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú kámẹ́rà tí mo fi bo ojú. Mo tẹ gbogbo wọn sórí bébà, mo sì fi àwo fọ́tò kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á fi èyí kọ́gbọ́n. Àwọn ayàwòrán ní ìlànà kan tí ó rọrùn: kí fọ́tò kan wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé ibòmíràn, kí iná tàbí olè má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yan díẹ̀ nínú èyí tí ó ṣe iyebíye, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ ojú náà ṣì wà láàyè.

Fọ́tò ìyá mi ti ọdún 1968 ń bẹ lórí tábìlì níwájú mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ẹni tí ó yà á kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀, Ìyá fi bírò kọ ọ́ pé: "Èmi nìyí, Dùgbẹ̀, 1968."