Dàbínù Inú Fíríìsà Ìyá Mi

Lónìí, n kò ní sọ̀rọ̀ lórí ohùn, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fi ìpajẹ àti àrànmọ́ dá yín lágara. Dàbínù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá èyí tí a bá kó sínú fíríìsà. Ẹ má ṣe rò pé mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ di alásè. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Àṣìṣe tí mo ṣe nínú ìsọ̀rọ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ìyá mi.

Aké ni ìyá mi ń gbé, ní Abẹ́òkúta, ní agboolé tí wọ́n bí bàbá mi sí. Bí a bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi níbẹ̀, agogo Kàtídírà Pétérù Mímọ́ ni ó ń kí wa. Ọmọ ìjọ gidi ni ìyá mi, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wọn tí ó súnmọ́ wọn jù lọ, Alhaja ni, nínú agboolé kejì. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ ń bára wọn bọ̀. Bí ọdún Kérésìmesì bá dé, ilé Alhaja ni abọ́ ìrẹsì àkọ́kọ́ ń lọ. Bí ó bá di ìgbà àwẹ̀, ìyá mi ni ó máa ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá àkókò ìṣínu ti tó, bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń gbààwẹ̀.

Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2022, nígbà àwẹ̀ Ràmàdánì, ọmọ Alhaja tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kánò kó dàbínù wálé. Alhaja di rọ́bà pẹ́ǹtì méjì kún, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, wọ́n sì fi àwàdà lé e pé, “Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì, dàbínù rèé o. Ẹni tí ó bá ń jẹ dàbínù kì í bínú.”

Láti ọdún 2017 ni àwọn dókítà ti sọ fún ìyá mi pé wọ́n ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ti fi ṣúgà sílẹ̀, wọ́n ti fi mínírà sílẹ̀, wọ́n ti dín láfún kù. Nítorí náà, kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan dàbínù yìí, wọ́n pè mí lórí fóònù.

“Dókítà, ṣé mo lè jẹ ẹ́?”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé orúkọ yìí fún yín. Gbogbo àdúgbò ni ó ń pè mí ní Dókítà. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi gba oyè náà. N kò mọ bí a ti ń gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe ohun tí ó máa ń ṣàlàyé ara rẹ̀, pàápàá létí ìyá tí ó bí ni. Mo dá wọn lóhùn pé, “Èso ni, Màámi. Ṣúgà Ọlọ́run ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ẹ kó o sínú fíríìsà, kí ẹ máa jẹ ẹ́.” Orí fóònù ni mo ti ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì, tí ẹnì kejì fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èso náà fúnra rẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ àyálò ni dàbínù. Ọwọ́ àwọn Haúsá ni a ti gbà á. Dabino ni wọ́n ń pè é, bí a ti gba àlùbọ́sà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí kì í so nílẹ̀ wa ni, nítorí náà orúkọ àti èso jọ wọ inú àpò kan náà dé ọjà ni.

Ṣùgbọ́n àwa ará Aké ti bá igi náà pàdé tẹ́lẹ̀ nínú ìwé, a kò kàn mọ̀ ni. Ní ọdún 1846 ni Àjàyí Crowther àti Henry Townsend wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú iṣẹ́ ìhìnrere. Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ jáde lódindi ní ọdún 1884. Nínú rẹ̀, níbi tí èdè Hébérù ti sọ pé tamar, igi dàbínù, ọ̀pẹ ni wọ́n kọ. Sáàmù 92 wà níbẹ̀, níbi tí a ti fi olódodo wé igi yìí. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá ń ka Sáàmù náà, ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wọn ni ó ń rí. N kò bá àwọn atúmọ̀ wí. Ìdílé kan náà ni igi méjèèjì. Kódà ìjọba pàápàá kó wọn sábẹ́ òrùlé kan, nítorí pé NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà nítòsí ìlú Benin, ni ó ní ẹ̀ka tí ó ń ṣèwádìí dàbínù ní Dutse ní Ìpínlẹ̀ Jigawa. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kó pamọ́ sínú èso rẹ̀. Ọ̀pẹ tiwa, epo ni. Ọ̀pẹ ti aṣálẹ̀, ṣúgà ni.

Èdè a máa tọ oúnjẹ lẹ́yìn. Lórí ọ̀pẹ kan ṣoṣo, àwa ní ẹyìn, epo, èkùrọ́, àdín, ẹmu, màrìwò àti ọ̀gọ̀mọ̀. Àwọn Lárúbáwá náà ní orúkọ fún ìpele mẹ́rin tí dàbínù ń gbà gbó. Kimri ni nígbà tí ó ṣì dúdú bí ewé tí ó sì le. Khalal ni nígbà tí ó bá pọ́n tí kò tíì rọ̀. Rutab ni nígbà tí ó bá rọ̀ tí omi rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Tamr ni nígbà tí ó bá gbẹ. Nínú Àlùkùránì, ní Súrà Mariyamu, rutab ni a sọ pé yóò já bọ́ sí ọ̀dọ̀ Mariyamu nígbà tí ó ń rọbí. Èyí tí àwọn Haúsá ń tà fún wa ní Abẹ́òkúta, tamr ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé bí omi bá ti kúrò lára èso, ohun tí ó kù ni yóò pọ̀ nínú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fíríìsà. Omi tí ó kù nínú dàbínù gbígbẹ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ṣúgà sì ti dì í mú. Nítorí náà, bí òtútù bá tilẹ̀ tó ìwọ̀n 18 sí ìsàlẹ̀ òdo, kì í di òkúta bí ẹran. Ó máa ń fà létè ni, bí bàbá dúdú tí a máa ń rà nígbà èwe. Fíríìsà a máa pa kòkòrò àti ẹyin kòkòrò tí ó bá fara pamọ́ sínú rẹ̀, ó sì lè pa á mọ́ fún ọdún kan láìbàjẹ́. Bí iná mànàmáná bá lọ fún ọjọ́ méjì, ẹja tútù yóò ti máa rùn kí dàbínù tó yí padà. Ewu kan ni ó wà níbẹ̀: dàbínù a máa fa òórùn ohun tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Inú ike tí ó dé dáadáa ni kí a kó o sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ yóò máa wá ẹja káàkiri ẹnu.

Èyí tí n kò mọ̀ nígbà náà ni ohun tí òtútù ń ṣe sí ahọ́n. Bí ohun dídùn bá tutù gan-an, adùn rẹ̀ a máa dín kù lẹ́nu. Ìyá mi ṣàkíyèsí rẹ̀; wọ́n ní, “Láti ìgbà tí ó ti wọ fíríìsà ni kò ti fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́.” Wọ́n gbà pé fíríìsà ti yọ ṣúgà díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Kò yọ nǹkan kan. Òtútù kò dín ṣúgà rẹ̀ kù, kò sì fọwọ́ kan fáíbà àti pòtásíọ̀mù rẹ̀.

Nígbà tí Oṣù Karùn-ún ń parí lọ, mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn bí a ti máa ń ṣe. Ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó jẹun, tí ó ti máa ń wà ní nǹkan bí 130, ti di 243. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, láfún kékeré. Wọn kò dárúkọ dàbínù. Wọn kò purọ́ o. Ohun tí ó ní ṣúgà nínú ni nọ́ọ̀sì ń wá, Dókítà sì ti sọ pé èyí kì í ṣe ṣúgà.

Nígbà tí a délé tí mo ṣí fíríìsà láti gbé omi, mo rí i pé rọ́bà kan ti tán, èkejì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀. Mo béèrè iye tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní márùn-ún ní àárọ̀, márùn-ún ní ọ̀sán, márùn-ún ní alẹ́. Mo jókòó, mo ṣe ìṣírò tí ó yẹ kí n ti ṣe ní Oṣù Kẹrin. Dàbínù kékeré kan tí ó wúwo tó gíráàmù 7 ní ṣúgà tí ó tó gíráàmù 4 àbọ̀. Hóró ṣúgà onígun kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 lọ. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ ń lọ sí hóró ṣúgà mẹ́tàdínlógún. Ẹni tí kò fi ṣúgà sínú ẹ̀kọ mímu fún ọdún márùn-ún ni mo ń fún ní hóró mẹ́tàdínlógún lójúmọ́.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ kọ́ ni o sọ pé ṣúgà Ọlọ́run ni? Mo gbà ọ́ gbọ́ ni, Dókítà.” Wọn kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

A padà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Oníṣègùn tí a bá níbẹ̀ kò ní kí wọ́n má fẹnu kan dàbínù mọ́. Ó ní kí wọ́n má kọjá méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́, kí wọ́n kà á mọ́ oúnjẹ oníṣúgà tí a ti ṣírò fún wọn, kí wọ́n má kà á sí ìpanu lásán. Òótọ́ wà nínú èyí. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní United Arab Emirates tẹ àbájáde jáde lórí irú dàbínù márùn-ún tí wọ́n fún àwọn tí ara wọn dá àti àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà jẹ. Bí a bá fi gúlúkóòsì ṣe 100, bí dàbínù ṣe ń yára gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè kò ju nǹkan bí 43 sí 55 lọ. Ìwọ̀nba ni wọ́n jẹ o. Nínú 100 gíráàmù dàbínù gbígbẹ, fáíbà tó gíráàmù 8, pòtásíọ̀mù sì lé ní mílígíráàmù 650. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ṣúgà gíráàmù 63 náà wà níbẹ̀, ó jókòó láàárín wọn bí ọba. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí a ti ń ṣe é nílé wa báyìí. A ó fọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, a ó la ikùn rẹ̀, a ó yọ kóró rẹ̀ kúrò, nítorí kóró náà lè ká eyín. A ó wá dì í ní mẹ́ta-mẹ́ta sínú ọ̀rá kéékèèké, kí a tó kó o sínú ike, kí ó tó wọ fíríìsà. Fún ìyá mi, a máa ń fi ẹ̀pà sísun kan-kan há a láàárín, kí ó lè pẹ́ lẹ́nu. Àwọn ọmọ mi a máa fi èyí tí ó ti dì lọ òfíò tí a rẹ mọ́jú, pẹ̀lú àgbọn àti ata-ilẹ̀, a ó sì sẹ́ ẹ. Kò ní nílò yìnyín mọ́. Ẹ rántí ṣá o pé bí a bá ti sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú fáíbà rẹ̀ ti lọ pẹ̀lú ìdàrọ́, ṣúgà rẹ̀ ni ó wà nínú ife. Òhun mímu yẹn kì í ṣe ti ìyá mi. Èyí tí ó bá sì rọ̀, ẹ gún un, kí ẹ fi po ògì gbígbóná dípò ṣúgà. Ẹyọ kan tó fún abọ́ kan.

Nígbà tí Alhaja gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn ni àwọn gbé àìsàn wá fún ọ̀rẹ́ àwọn. Ìyá mi ni ó rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, tí wọ́n sì dá àwàdà wọn padà fún wọn pé, “Dàbínù ni mo jẹ, báwo ni n óò ṣe bínú?” Nígbà tí oṣù mẹ́ta yíká, ìwọ̀n ṣúgà náà ti padà sí 134.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ ti máa ń gbọ́ lẹ́nu mi pé kò sí ìbátan àdámọ́ láàárín ọ̀rọ̀ àti ohun tí ó ń tọ́ka sí. Mo ti kọ́ ọ yín ní kíláàsì láìmọye ìgbà. Ní Aké ni mo ti wá kọ́ ọ fúnra mi. A pè é ní ọ̀pẹ, kò ní epo. A pè é ní èso, ṣúgà kún inú rẹ̀. A pè mí ní Dókítà.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dì í sínú ọ̀rá, mo mú bírò láti kọ orúkọ sí ara ike. Mo kọ “Dàbínù”. Ìyá mi wò ó, wọ́n ní, “Kọ ṣúgà sí abẹ́ rẹ̀.” Mo sì kọ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń pe dàbínù ní àdúgbò tiyín? N óò fẹ́ gbọ́. Ó dìgbà kan ná.