Wọ́n Nà Wá, A Nà Wọ́n

Ní Tchaada, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá a. Bí rẹfirí bá fọn fèrè ìparí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ìdíje kejì máa ń bẹ̀rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, níbi tí àwọn oní-zémidjan ti ń dúró de èrò. Kò sí rẹfirí níbẹ̀, kò sì sí àkókò ìsinmi. Tí ó bá wá jẹ́ pé ilẹ̀ Benin àti ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n pàdé, eré wákàtí kan ààbọ̀ lè wà lẹ́nu wa fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù kì í ṣe góòlù, kì í ṣe káàdì pupa. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni: “àwa”. Ẹnì kan á ní, “Wọ́n nà wá.” Ẹni tó jókòó tì í á ní, “A nà wọ́n.” Eré kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, èdè kan náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bóyá wọ́n tilẹ̀ jọ jẹun nínú àwo kan náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé àwa wo, kí ó tó lè mọ ẹni tí yóò kí àti ẹni tí yóò bá kẹ́dùn.

Kí òǹkàwé tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wá, Tchaada jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arrondissement 6 tí ó wà ní commune Ìfànyìn, ní ẹkùn Plateau. Igolo, níbi tí àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Benin wà, wà nínú commune kan náà. Bí ènìyàn bá ti kọjá ibẹ̀, Ìdí-Ìrókò ló dé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó fa ààlà yìí. A kò pe àwọn bàbá ńlá wa sí ìjókòó náà. Láti ìgbà náà ni ilé kan ti ń ní ọmọ tó ń ka ìwé Faransé àti ọmọ tó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n á sì pàdé níbi ìsìnkú bàbá wọn.

Àwọn òyìnbó méjèèjì kò pín ilẹ̀ nìkan, wọ́n pín eré pẹ̀lú. Faransé fi pétanque sílẹ̀ fún wa, èyí tí àwọn àgbà ń fi bọ́ọ̀lù irin ta lábẹ́ igi ní àwọn ìlú wa. Gẹ̀ẹ́sì fi krikẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ìhà kejì, eré tí orílẹ̀-èdè méjì lè fi ọjọ́ 5 gbáko ṣe kí ó tó parí, tí ó sì tún lè parí láìsí ẹni tó borí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju 19 lọ fi ayò 2 péré borí ilẹ̀ New Zealand nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti krikẹ́ẹ̀tì, ní ilẹ̀ Malaysia. Ẹnì kan tó ń ṣòwò ní Èkó mú ìròyìn náà wá sórí bẹ́ǹṣì wa. Ó fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà, ó fi igi yàwòrán sílẹ̀, kò sì yé ẹnikẹ́ni. A bá a yọ̀ síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn òyìnbó méjèèjì jọ mú wá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan la lè fi bá ara wa jà.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ìjà tí à ń sọ yìí gbóná. Eré ìyege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026 ni. Benin ló yẹ kó gbàlejò, ṣùgbọ́n Abidjan la ti gbà á, nítorí a kò ní pápá tí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù fọwọ́ sí nílé. Onyedika kọ́kọ́ jẹ góòlù fún Nàìjíríà, Jodel Dossou dá a padà, Steve Mounié sì fi orí kún un kí abala kìíní tó parí: 2 sí 1, bẹ́ẹ̀ ló sì dúró. Ẹni tó ń darí Benin lọ́jọ́ náà ni Gernot Rohr, ará Jámánì tó ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà láti ọdún 2016 títí di ìparí ọdún 2021. Lójú àwọn alátìlẹ́yìn Nàìjíríà tó wà láàárín wa, Rohr ló mú àṣírí ilé lọ bá aládùúgbò. Lójú àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn Benin, ẹni tí a bá lé jáde nílé ló mọ ibi tí ilẹ̀kùn ti ń dún. Kò pẹ́ lẹ́yìn eré náà tí Finidi George fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà sílẹ̀. Ní gbogbo oṣù náà, ó ṣòro fún ẹni tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun láti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ láìgbọ́ ẹ̀fẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń fa irun àwọn àgbà wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Benin borí Rwanda ní Kigali pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo. Tosin Aiyegun ló jẹ ẹ́. Bí a ṣe gbọ́ orúkọ náà, bàbá kan tó ń gbọ́ rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dìde: “Ayégún! Ọmọ ta ni?” Ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ni, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Benin. Ọláìtán wà nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Ní ìhà kejì, Adémọ́lá Lookman tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Bàbá náà ní bí wọ́n bá fi orúkọ nìkan pín àwọn agbábọ́ọ̀lù sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kẹta ni yóò jáde, yóò sì gba ife. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Góòlù Aiyegun yẹn gbé Benin sókè tán pátápátá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, àmì 17 ni Benin ní, Gúúsù Áfíríkà ní 15, Nàìjíríà ní 14. Ilẹ̀ Benin kò tíì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Ìṣẹ́gun kan péré ló kù, ní Uyo, lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn oníṣòwò pa ìsọ̀ wọn dé kíákíá. Kí ẹni tó ra omi tútù tó padà dé ìjókòó rẹ̀, Victor Osimhen ti jẹ góòlù. Ó tún jẹ òmíràn kí abala kìíní tó parí, ó fi orí kan ẹ̀kẹta sínú àwọ̀n ní kété tí wọ́n padà dé láti ìsinmi. Nígbà tí àkókò ti tán, tí rẹfirí ń ka ìṣẹ́jú àfikún, Frank Onyeka fi ẹ̀kẹrin kún un.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bẹ́ǹṣì kún. Ẹ̀gbẹ́ kan ní Rohr ni ó jẹ̀bi, pé kò yẹ kó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀ fún Osimhen. Pé ọ̀mì ló yẹ kó wá lọ. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó wá lo ìsinmi nílé fa bébà yọ. Ó ní ọ̀mì kò lè gbé wa dé ibì kankan. Ó ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo wa: ká ní ọ̀mì ni, àmì 18 ni Benin ì bá ní, pẹ̀lú góòlù 5 lékè, Gúúsù Áfíríkà tó fi 3 sí òdo borí Rwanda lọ́jọ́ kan náà ní àmì 18 pẹ̀lú góòlù 6 lékè. Góòlù kan ṣoṣo! Ẹ̀gbẹ́ náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rántí pé FIFA ti gba àmì 3 lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà nítorí agbábọ́ọ̀lù tí kò yẹ kó wọ pápá, síbẹ̀ wọ́n tún gba ipò kìíní. Ìyẹn ló dun àwọn ènìyàn jù. Wọ́n tilẹ̀ gbàgbé Nàìjíríà fún ìgbà díẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò tíì parí. Ó ní góòlù kẹrin ti Onyeka, tí gbogbo wa pè ní àṣejù, òun gan-an ló gbé Nàìjíríà kọjá Burkina Faso láàárín àwọn ẹgbẹ́ tó gba ipò kejì, tí wọ́n fi rí àǹfààní mìíràn. A kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù náà wọlé. Aránṣọ ní kí ó máa kó bébà rẹ̀ lọ, pé ìṣírò ti pọ̀ jù nínú bọ́ọ̀lù ayé òde òní.

Àwọn tó ń tẹ́tí láti òkèèrè yóò ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rí lẹ́nu wa. Ẹni tó ka ìwé ní Ìfànyìn ń sọ̀rọ̀ nípa gardien, arbitre àti carton rouge. Ẹni tó ka ìwé ní Ìpókíá ń sọ̀rọ̀ nípa gólì, rẹfirí àti káàdì pupa. Olúkúlùkù ló rò pé ti òun ni Yorùbá. Olùkọ́ kan ní kí gbogbo wa máa sọ aṣọ́lé àti adájọ́ eré. A gbà fún un, a sì padà sí bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ní àárín ariwo yìí ni obìnrin kan tó ń ta gaàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ti ń ta ọjà rẹ̀. Ọmọ Ìpókíá ni, ó ti lé ní 20 ọdún tó ti wọlé ọkọ ní Tchaada. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń fi èènì mẹ́ta fún gbogbo oníbàárà, ó sì ń pe èènì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Osimhen. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba èènì. Oní-zémidjan kan, ọmọdékùnrin, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, bí ó bá dùn mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ jó nílẹ̀ yín.”

Bẹ́ǹṣì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá náà gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn gbé wá sí i lọ́kàn. Ní oṣù keje ọdún 2019, nígbà tí Benin fi pẹ́náltì lé Morocco kúrò nínú Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, òun ló kọ́kọ́ fi ìlù bọ́ síta. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni Nàìjíríà ti ibodè pa, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ibodè náà títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Láàárín àkókò náà ni ìyá rẹ̀ kú ní Ìpókíá. Ọ̀nà igbó ló gbà lọ sin ín, ó sì gba ọ̀nà igbó padà wá bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ta ni ó fẹ́ sọ fún un pé ilẹ̀ ibòmíràn ni tirẹ̀?

Aránṣọ kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó ilé wa lo ń bá sọ̀rọ̀ yẹn.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin náà tan alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ kẹta ló tó padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà láìsọ ìdí rẹ̀, ó sì ra gaàrí. Èènì kan péré ló bù fún un. Ó ní ti Onyeka nìyẹn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, ní Rabat, Nàìjíríà pàdé Kóńgò ti Kinshasa nínú àṣekágbá àwọn tó ń wá àǹfààní kejì. Ọ̀mì 1 sí 1 ni, lẹ́yìn náà pẹ́náltì, Kóńgò sì borí pẹ̀lú 4 sí 3. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tó wà lẹ́yìn Benin tètè dé ibi bẹ́ǹṣì. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú láti oṣù kẹwàá wà lẹ́nu wọn. Ìyá oní-gaàrí dé, ó gbé agbada kalẹ̀, ó sì wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní, “Wọ́n ti nà wá o.”

Kò sẹ́ni tó bèèrè pé àwa wo. Oní-zémidjan ọjọ́sí sún kúrò láti fún un láàyè jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé àwọn tó gbá pẹ́náltì yẹn kọ́ ló yẹ kó gbá a.