Àwọn Tí Ń Gun Ìgbì

Àwa ará Ìkẹjà àti Agége, tí fèrè ilé-iṣẹ́ ń jí, a kì í fẹ́ sún mọ́ òkun nígbà òjò. A ní inú ń bí i. Oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án yìí gan-an ni ìgbì dára jù fún àwọn ọmọ Tarkwa Bay, tí wọ́n ń fi pákó gùn ún ní kùtùkùtù, kí afẹ́fẹ́ tó le. (Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àṣà òyìnbó: ìwé James Alexander, tí ó jáde ní 1837, ti ròyìn àwọn ọmọdékùnrin Accra tí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí pákó, tí ìgbì ń gbé wọn bọ̀.) Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò nílé, wọ́n ní nítorí àwọn tí ń jí epo nínú páìpù ni. Ẹni tí ó bá wá ń sùn ní Agége yóò wọ mọ́tò, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ó tó débẹ̀, afẹ́fẹ́ ti le.