Ibùsùn Ọmọ Tuntun

Yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti aya mi ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run fi àkọ́bí ta wá lọ́rẹ ní ọdún 2014. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe ní èbúté Àpápá. Bí mo bá délé, oorun mi a dà bí ikú. Ìyá mi ní kí ọmọ máa sùn láàrin wa. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ra ibùsùn ọmọ kan, tòkunbọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa wò ó, ó mi orí. Ó ní ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de títà irú rẹ̀ láti ọdún 2011, nítorí bí ẹ̀gbẹ́ náà bá yẹ̀, ọmọ lè há sí àlàfo kí ó sì kú. Ó ti agolo ẹlẹ́rìndòdò sáàrin ọ̀pá rẹ̀, ó kọjá. Ó ní àlàfo tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ ti fẹ̀ jù.

Mo tú u fọ́. Káfíńtà kan òmíràn: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó le, kò ní ìrọ̀rí, àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó. Ìdojúsókè ni a ń tẹ́ ọmọ sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lè tó o.

"Ṣé kì í ṣe àpótí ni ẹ tẹ́ ọmọ mi sí yìí?" ni ìyá mi bi mí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, àgbà tó bá ti sùn kò sí lọ́jà mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì súre fún ọmọ.