Láti Ìbàdàn dé Ìlọrin Pẹ̀lú Gééjì Táyà

Ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi ló ń gbé wa lọ sí Ìlọrin, Micra kékeré tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn la sì fẹ́ gbé lọ. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ Micra. Òun ló kún títì ìgboro, débi pé bí ará Ìbàdàn bá ní òun fẹ́ wọ Micra, takisí ló ń sọ. Kò gba ilẹ̀, kò sì mu epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àgbàlagbà mẹ́rin ló máa wọ̀ ọ́: èmi tí mò ń wà á, Màámi níwájú, Màámi Àgbà tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ wọn ọkùnrin. Ìkòkò ńlá, iṣu, páálí ohun mímu àti àpótí aṣọ ti kún búùtù, a sì fi agbára díẹ̀ kún un kí ìdérí rẹ̀ tó pa dé.

Táyà mẹ́rin ló máa ru gbogbo ẹ̀. Ibi tí táyà ọkọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan ti kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Rọ́bà nìkan kọ́ ló sì ń gbé ẹrù náà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé e. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá dín, ẹrù ò dín, rọ́bà ló máa jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí gééjì tí mo fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà fi máa ń wà nínú ọkọ̀ mi nígbà gbogbo, kékeré kan tó wọ àpò, tí owó rẹ̀ ò tó ti jálá epo mélòó kan.

Aago mẹ́fà ìdájí ò tíì lù tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, táyà ti tutù, àsìkò yẹn ni ìwọ̀n tí gééjì bá sọ ṣeé gbà gbọ́. Bí ọkọ̀ bá ti rìn, táyà á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì wú. Bí ooru bá fi nǹkan bíi 6 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ á fi bíi psi 1 gòkè. Ẹni tó bá wọn táyà lọ́sàn-án gangan lẹ́yìn tó ti sáré ti Mókólá dé, ooru ló wọ̀n mọ́ afẹ́fẹ́.

Iye tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń méfò. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti kọ ọ́ sórí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń wà lẹ́yìn ìdérí ojú táńkì epo. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà láàárín psi 30 sí 35, wọ́n sì sábà máa ń kọ iye mìíràn fún ìgbà tí èèyàn àti ẹrù bá kún. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, tó lè jẹ́ 44 tàbí 51, kì í ṣe ohun tí a ó fún un. Òpin agbára táyà náà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ti rí èèyàn tó ní ọgbọ́n orí dáadáa tó ń fi nọ́ńbà yẹn bá fọkanáísà jà.

Nítorí ẹrù, 33 ni mo fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Méjèèjì iwájú jẹ́ 31. Ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún jẹ́ 30. Ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì jẹ́ 28. Táyà tí ara rẹ̀ dá máa ń pàdánù nǹkan bíi 1 lóṣù láìjẹ́ pé nǹkan ṣe é, nítorí náà àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ò yà mí lẹ́nu. Ti ọwọ́ òsì yẹn ni mo fi sọ́kàn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù mi, torí nọ́ńbà tí a ò kọ sílẹ̀ ò lè bá wa sọ̀rọ̀ lọ́la.

Ìyókù yá kíá. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yọ, mo nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á: ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Omi rédíétọ̀ ò dín nínú ike rẹ̀. Ìdájí náà ló yẹ ká wo ìyẹn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, torí ẹni tó bá ṣí rédíétọ̀ gbígbóná ń fi ojú ara rẹ̀ wéwu. Ọ́ìlì bíréèkì pé. Mo fi ìka tẹ bẹ́líìtì, mo wo orí bátìrì bóyá ẹfun funfun ti hù síbẹ̀, ọmọ Màámi Àgbà sì dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kí ó bá mi wo iná bíréèkì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ni táyà sípíà. Ó wà lábẹ́ ẹrù nínú búùtù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á ti lọ, ọjọ́ tí a bá wá a kàn la ó mọ̀. Mo ti wọn tèmi kí a tó di ẹrù lé e.

Ní Òjòó ni a ti yà sọ́dọ̀ fọkanáísà kan tó tètè máa ń jí. Mo sọ fún un pé kí ó fi 2 kún iwájú lọ́tùn-ún lósì, 3 sí ẹ̀yìn ọ̀tún, 5 sí ẹ̀yìn òsì. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, torí ìrìn kékeré láti ilé ti mú táyà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iye tó dín nígbà tó tutù ni kí a fi kún iye yòówù tí gééjì bá sọ lójú ẹsẹ̀.

Ọkùnrin náà wò mí. “Ẹ kú ìrìn àárọ̀ o, Màdáàmù. Ìlọrin lẹ ní ẹ̀ ń lọ? Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí o. Bí oòrùn bá yọ, ilẹ̀ á gbóná. Ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀ lábẹ́ díẹ̀, kí ó má baà bẹ́.”

Ìmọ̀ràn rere ló fẹ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ yìí sì wà káàkiri ilẹ̀ wa, láti gáréèjì dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun gan-an ló ń mú mi kọ ìtàn yìí. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ àpọ̀jù ló ń bẹ́ táyà lẹ́ẹ̀rùn. Afẹ́fẹ́ àpọ̀jù ò dára lóòótọ́. Ó ń jẹ àárín táyà, ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò lórí kòtò. Ṣùgbọ́n táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù ló ń bẹ́ jù. Bó ṣe ń yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ tó ń nà, ó ń tẹ̀ ó ń nà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Títẹ̀ yẹn ń dá ooru sílẹ̀ nínú rọ́bà. Ooru náà á tú okùn àti wáyà tí wọ́n hun sínú rẹ̀ ká, títí ẹ̀gbẹ́ náà á fi ya. Ẹrù púpọ̀, eré púpọ̀ àti oòrùn á wá máa ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó yọ afẹ́fẹ́ nítorí ooru ti fi kún ooru.

Mo ṣàlàyé fún un bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ mi títí, ó mi orí, ó fún mi ní iye tí mo wí. A fi gééjì tirẹ̀ àti tèmi wọ̀n ọ́n papọ̀, tirẹ̀ sì fi 3 ju tèmi lọ. Gééjì tó ti ṣubú lulẹ̀ láìmọye ìgbà ò lè máa sọ òótọ́ títí.

Ìmọ́lẹ̀ ti yọ dáadáa nígbà tí a kọjá Mọ́níyà. Ní Fìdítì, Màámi ní kí n dúró kí àwọn ra ọsàn, torí ẹni tó bá ti Fìdítì kọjá láìra ọsàn, àlejò ni. Láti ibẹ̀ dé Ọ̀yọ́, títì dùn, ọkọ̀ ń sáré geere, èmi ò jẹ́ kí tiwa kọjá 90. Òfin fàyè gba 100 fún ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀nà márosẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kún fẹ́ àyè láti dúró.

Màámi Àgbà ló dá ọ̀rọ̀ mínísítà kan sílẹ̀. James Ocholi ni wọ́n ń sọ, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́, tó kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Táyà ọkọ̀ wọn ló bẹ́. Gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀ nínú ọkọ̀. Màámi wo bẹ́líìtì àyà wọn, wọ́n fà á le, wọ́n sì yíjú sẹ́yìn kí wọ́n rí i pé ẹ̀gbọ́n wọn náà de tiwọn.

Lẹ́yìn Ọ̀yọ́ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá wa dúró. Àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Obìnrin tó yẹ̀ wá wò bèèrè ìwé, ó bèèrè sì-kọ́ṣọ̀n àti ohun èlò ìpaná, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba mọ́ táyà, ó ń ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ohun tó ń kà ni nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà náà, méjì ìkẹyìn ni ọdún rẹ̀. 1423 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2023. Ọmọdé tó mọ ìwé kà lè kà á, síbẹ̀ àwọn àgbàlagbà ń ra táyà tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá nítorí pé ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Rọ́bà ń gbó bí a ò tilẹ̀ lò ó.

Mi ò dá ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ lẹ́bi. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà láìpẹ́ sígbà náà. Láti ìgbà yẹn, òkè òkun ni a ń wò, owó táyà tuntun sì ti ga ju apá ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá máa rà á, ká ka ọjọ́ orí rẹ̀, ká fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti sán tàbí ó wú, ká wo ihò ojú rẹ̀. Bí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ bá ti di milimítà 1.6, agbára rẹ̀ lórí omi òjò ti tán.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò ṣeé fẹnu sọ. Kòtò, tírélà, eruku, àti àwọn àwẹ́ táyà dúdú tí tírélà ti já sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Oòrùn ti mú. Ní Odò Ọbà a dúró kí àwọn ìyá lè na ẹsẹ̀. Mo wọn táyà níbẹ̀, kì í ṣe láti fi tún nǹkan ṣe, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mẹ́ta nínú wọn ti wọ 38, ti ẹ̀yìn òsì wà ní 36.

“Àǹtí, ó ti pọ̀ jù o,” ọmọ Màámi Àgbà wí. “Ẹ ò wulẹ̀ ní yọ díẹ̀?”

Mo ní rárá. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti fi ìgbóná yẹn sí ìṣirò kí wọ́n tó kọ iye ti òwúrọ̀. Bí a bá yọ ọ́ níbẹ̀, ní ìdájí ọ̀la táyà á wà ní 28 tàbí 29, ẹrù ìpadàbọ̀ á sì tún gun orí rẹ̀. Ohun tó kàn mí ni pé èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ò bá àwọn yòókù gòkè. A ra omi, a tẹ̀ síwájú, n kò sáré mọ́. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ títì tún dára padà, a sì dé Ìlọrin kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù.

Ọkọ àbúrò mi ní Corolla kan tó ti Amẹ́ríkà wá. Nígbà tó gbé wa lọ ra ẹran nírọ̀lẹ́, mo rí iná ofeefee kan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó dà bí ìkòkò tí àmì ìyanu wà nínú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ra ọkọ̀ ló ti ń tàn, pé mẹkáníìkì ní kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, kí òun má dà á láàmú. Iná táyà ni. Lẹ́yìn tí táyà Firestone abẹ́ Ford Explorer pa èèyàn tó lé ní 200 ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣòfin ní 2000 pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ fún awakọ̀ rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ táyà bá lọ sílẹ̀. Láti ìgbà ọkọ̀ ọdún 2008, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun níbẹ̀ ló ń ní in. Nínú irú ọkọ̀ tirẹ̀ yìí, ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́yìn fáàfù nínú táyà kọ̀ọ̀kan. Bátìrì rẹ̀ á kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tàbí kí irin fọkanáísà fọ́ ọ nígbà tó ń bọ́ táyà, iná á wá máa tàn láìdáwọ́ dúró.

“Tí mo bá wá tún un ṣe, ó tán nìyẹn?” ó bèèrè.

Mo sọ fún un pé ó dára kí ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n iná yẹn ò ní tàn títí ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Táyà tó yẹ kí ó wà ní 32 lè dé 25 kí iná má sọ nǹkan kan. Gééjì á ti sọ ọ́ látìgbà tó ti wà ní 30.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí àwọn àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. 33, 33, 33, òsì ẹ̀yìn 28. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo dà á sí ojú táyà náà díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń ti ọkọ̀ síwájú. Ibì kan hó. Ìṣó kékeré ló wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ti jẹ mọ́ rọ́bà débi pé ojú lásán ò lè rí i.

Fọkanáísà àdúgbò fẹ́ fi irin kí okùn rọ́bà bọ ihò náà láti ìta, kí a máa lọ. Ìyẹn dára fún ẹni tó há sójú ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bọ́ táyà kúrò lára irin rẹ̀, kí ó lẹ̀ ẹ́ láti inú. Àárín ojú táyà ni ihò náà wà, èyí ló jẹ́ kó ṣeé lẹ̀; ká ní ẹ̀gbẹ́ ni, à bá sọ táyà náà nù. Ó fi fáìlì ha inú rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó lẹ̀ ẹ́, ó dúró kí ó gbẹ. Bó ṣe ń dè é padà ni ọkọ àbúrò mi wa Corolla rẹ̀ jáde nínú ọgbà, ó gbé e sẹ́yìn tèmi, ó sì sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó bá òun bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òun mọ èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ kú nínú wọn.