Ọ̀gá Tí Yóò Kọ́ Ọmọ Wa Níṣẹ́ Bíréèkì

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bá a bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin, owó tí ọ̀gá máa gbà àti ọdún tí ọmọ máa lò la sábà ń bèèrè. Mo bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ dúró ti ọ̀gá náà lọ́jọ́ tó bá ń tún bíréèkì ṣe.

Rọ́bà ni kẹ́ ẹ máa wò. Nínú bíréèkì ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ dánfó, rọ́bà kéékèèké wà nínú sìlíńdà tí kì í jẹ́ kí fúlúìdì jò. Ọ́ìsìlì sì wà nídìí ọ̀pá tó ń yí táyà, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ya wọ inú bíréèkì. Katakata àtijọ́ bíi Massey Ferguson 35, tí bíréèkì rẹ̀ kì í lo fúlúìdì rárá, kò bọ́ lọ́wọ́ èyí: bí ọ́ìsìlì yẹn bá gbó, líníìnì bíréèkì á rin gbingbin fún ọ́ìlì, katakata ò sì ní dúró. Ọ̀gá oníwàdùwàdù á fi pẹtiróòlù nu líníìnì, á dè é padà, á gbowó. Jíjò ò tíì lọ.

Mo rí ọ̀gá kan nítòsí ọjà Ládípọ̀ tó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi èékánná yẹ inú sìlíńdà wò, torí bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, rọ́bà tuntun ò ní pẹ́ ya. Fúlúìdì bíréèkì ló fi pa rọ́bà lára kó tó tì í wọlé. Kò jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kan gírísì, nítorí ó ń mú rọ́bà yẹn wú. Ó ní kó tètè dé agolo fúlúìdì: ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí bíréèkì bá sì gbóná, omi ọ̀hún á hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ á kàn rì wọlẹ̀ ni.

Tí wọ́n bá ti dé e pa, ta ló tún máa rí rọ́bà? Ọmọ tó fi í síbẹ̀ nìkan ló mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ ká. Ibẹ̀ ni tàwa òbí ti wọ̀ ọ́. Ọmọ tá à ń nà nígbà tó bá jẹ́wọ́ pé òun fọ́ abọ́, báwo ló ṣe máa sọ fún ọ̀gá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rò pé ó wọlé dáadáa, ẹ jẹ́ ká tú u”? Bẹ́ẹ̀ dánfó yẹn kan náà ló ń gbé àwọn ọmọ wa láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Yábàá.

Bí ọmọ yín bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹun tán, kẹ́ ẹ wá bi í pé kí ló ń jò lónìí, kí ló sì fà á.