Mo Tẹ̀lé Omi Ọ̀ṣun Lọ Sókè

 

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ìyá ọlọ́mọ kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní Òṣogbo. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi fún un lómi Yèyé mu." Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí mi ò lè kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé etí odò, omi náà pọ́n bí ẹrẹ̀. Èèyàn lè ní òjò ni. Òjò wo? Nígbà èwe wa, bí òjò bá ti dá, omi á tún tòrò. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí. Ọwọ́ mi ò gbà á. Omi kànga ni mo fi ṣe ìwúre fún ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìhà Iléṣà. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti sun, ṣùgbọ́n àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa wúrà láti ayé àwọn Òyìnbó. Ibi tí kòkó wà tẹ́lẹ̀ ti di kòtò. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi odò, wọ́n fi ń fọ yẹ̀pẹ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ń padà sínú odò. Àwọn mìíràn ń fi mákúrì kó wúrà jọ, májèlé sì ni.

Mo bi àgbẹ̀ kan pé, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?" Ó ní, "Bàbáláwo, ilé-iṣẹ́ kan gbẹ́ omi ẹ̀rọ fún wa, wọ́n pín ìrẹsì nígbà ọdún. Ẹnu tó jẹ, ojú á tì."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi délé. Kì í ṣe abúlé nìkan ni ojú ń tì. Òfin 1999 fi ohun àlùmọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Àbújá ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà ló ni àṣẹ lórí ilẹ̀. Bí a bá ké sí gómìnà, á ní ọ̀rọ̀ Àbújá ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì lè ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń wa wúrà. Ta ni yóò wá bá ẹni tó ń bá a jẹun wí? Ní 2022, ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, àwa olùjọsìn ni wọ́n kìlọ̀ fún pé ká má mu omi. Ìkìlọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da omi rú ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró.

Igbó Ọ̀ṣun wà lára ohun ìní aráyé láti 2005, ṣùgbọ́n odò kì í bẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Bí orísun bá bàjẹ́, kí la fẹ́ fi ṣọ́ igi?

Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Ẹ má fi omi náà fún ọmọ mu, Yèyé ò ní bínú. Òun náà ni ìyà ń jẹ. Òfin 2007 ní kí ilé-iṣẹ́ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe ìwé àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín. Tí wọ́n bá fẹ́ bá wa ṣọdún, ká má gba ẹran àti ọtí lọ́wọ́ ẹni tó ń da ẹrẹ̀ sójú ìyá wa. Bí àwọn olóṣèlú bá sì wá wá ìbò, ọ̀rọ̀ omi ni ká kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ọmọ tí mo fi omi kànga ṣe ìwúre fún ń dàgbà. Ìyá rẹ̀ ní òun á tún gbé e wá. Mo fẹ́ kí omi ti tòrò nígbà náà.

Oore Yèyé o! Àbọṣíṣẹ.